Ó Dàbọ̀ Nìkan Kò Tó: Bí A Ti Í Parí Ìtọ́jú Ọkàn Ọmọdé àti Ọ̀dọ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi ara wọn pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ìtọ́jú ọkàn ọmọdé. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. N kò tọ́jú ọmọ kankan rí ju àwọn tí mo bí lọ, àwọn náà sì ní ohun tí wọn yóò sọ nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ni pé mo ń wo bí ìtàn ti í parí. Mo ti ka ìtàn tí ó dùn láti ìbẹ̀rẹ̀, tí òǹkọ̀wé rẹ̀ wá bà jẹ́ ní ojú ewé mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwé tí àwọn olùtọ́jú ọkàn kọ nípa àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú, mo rí i pé ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ tiwọn ti sábà máa ń bàjẹ́. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà níbẹ̀. Ìwé tí ìparí rẹ̀ kò dára, a lè pa á dé kí a gbé òmíràn. Ọmọ tí wọ́n bá parí ìtọ́jú rẹ̀ ní ìdàkudà yóò gbé e dàgbà.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ń pè ní ìtọ́jú ọkàn. Ọmọ kan wà tí kì í sùn lóru mọ́, tàbí tí ó tún ń tọ̀ sórí ẹní lẹ́yìn tí ó ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, tàbí tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀kọ́. Àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà lọ, ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, ní wákàtí kan náà, nínú yàrá kan náà, ọmọ náà yóò máa bá àgbàlagbà kan ṣoṣo pàdé. Ohun ìṣeré wà níbẹ̀, bébà àti pẹ́ńsù aláwọ̀ wà níbẹ̀, omi àti iyanrìn lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àgbàlagbà náà kì í nà án, kì í kọ́ ọ ní ìwé, kì í sì í wàásù fún un. Ó ń wò ó, ó ń gbọ́ ọ, ó sì ń gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ sọ ohun tí ọmọ náà ń fi eré sọ. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ọmọ náà yóò gbà pé ẹni yìí kì í yẹ àdéhùn. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ náà kò ní í bá a níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a ń mú lọ fún ìtọ́jú báyìí, ohun tí ó ṣe wọ́n kò ṣẹ̀yìn ìpínyà. Ìyá ti kú, tàbí bàbá ti lọ sí òkè òkun, tàbí wọ́n gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wò láìsọ fún un pé yóò pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti kọ́ láyé ni pé àwọn ènìyàn a máa lọ láìdágbére. Bí olùtọ́jú náà bá tún lọ láìdágbére, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí sí ohun tí àìsàn náà ń sọ fún ọmọ náà láti ọjọ́ yìí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìparí ìtọ́jú kì í ṣe ohun tí ó ń tẹ̀ lé ìtọ́jú. Ara ìtọ́jú ni, bóyá apá tí ó le jù nínú rẹ̀.

Àṣà kan wà tí gbogbo wa mọ̀. Ìyá fẹ́ lọ sọ́jà, ọmọ sì rọ̀ mọ́ ọn láṣọ. Ìyá àgbà á ní, "Wá ká lọ wo adìẹ lẹ́yìnkùlé." Kí wọ́n tó padà wọlé, ìyá ti gba ọ̀nà iwájú jáde. A kà á sí ọgbọ́n, nítorí pé ọmọ náà kò rí ẹni tí yóò sunkún tẹ̀ lé. Èmi pàápàá ti fi adìẹ tan ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ náà bá ké díẹ̀, tí ó wá dákẹ́, a ní ó ti gbàgbé.

Kò gbàgbé. Ní ọdún 1952, James Robertson, tí ó ń bá oníṣègùn John Bowlby ṣiṣẹ́ ní Tavistock ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé sinimá kan jáde nípa ọmọbìnrin kan tí wọ́n pè ní Laura. Ọmọ ọdún méjì àti oṣù márùn-ún ni. Wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ kékeré ní ìdodo, ó sì lo ọjọ́ 8 níbẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, òbí kì í dúró ti ọmọ ní ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn a wá wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọn a sì lọ. Laura kì í ṣe aláriwo. Ó ń mú ojú le, ṣùgbọ́n bí ó ti ń ṣeré lọ, á ṣàdédé béèrè ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá wò ó, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, ó kó gbogbo ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀, kò sì gbà kí ìyá rẹ̀ di òun lọ́wọ́ mú. Robertson àti Bowlby ṣàlàyé pé ọmọ tí a fi sílẹ̀ báyìí a máa kọ́kọ́ fi igbe àti ìbínú wá ẹni tí ó lọ; lẹ́yìn náà ni ìrẹ̀wẹ̀sì á wọlé; nígbà tí ó bá yá, yóò ti ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ pa. Ìpele kẹta yìí ni àwọn nọ́ọ̀sì ìgbà náà ń pè ní pé ọmọ ti mojú ibẹ̀. Àríyànjiyàn tí sinimá náà dá sílẹ̀ kò kéré, nítorí pé ọ̀pọ̀ oníṣègùn bínú sí i. Ní ọdún 1959 ni ìgbìmọ̀ ìjọba kan níbẹ̀ wá dámọ̀ràn pé kí wọ́n jẹ́ kí òbí máa rí ọmọ wọn nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́.

Èmi náà ti jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. N kò ní í fi pa mọ́, nítorí pé òun ni ó sọ mí di òǹkàwé àwọn ìwé wọ̀nyí. Láti àwọn ọdún 1950 lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ni wọ́n gbé ọmọ wọn fún ìdílé òyìnbó wò, ní Kent, ní Sussex, ní Essex àti níbòmíràn, tí wọ́n ń san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá mi ń kọ́ òfin, ìyá mi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní Kent. Ní ọdún 1976, tí mo di ọmọ ọdún 6, àwọn òbí mi wá ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ní kí n wá ká lọ wo ọkọ̀ òfuurufú. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ òfuurufú púpọ̀. A wò ó, a sì wọ inú rẹ̀, ó di Ìkẹjà. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti ní kí obìnrin yẹn dúró sínú ilé ìdáná rẹ̀ kí n má baà rí ojú rẹ̀ kí n sì sunkún. N kò sunkún lóòótọ́. Fún ọdún kan gbáko ni n kò fi sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn ẹbí sì ń yìn mí pé ọmọ tí ó mọ ìwà hù ni mí. Ìfẹ́ ni ó mú àwọn òbí mi ṣe é, n kò sì bá wọn jà lórí rẹ̀ títí wọ́n fi dàgbà. Nígbà tí mo padà dé òpópónà yẹn ní ọdún 2004, ẹlòmíràn ni ó ṣílẹ̀kùn. Ohun tí mo fẹ́ kì í ṣe pé kí n dúró ní Kent. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ti sọ fún mi pé Sátidé yẹn ni.

Kí ni ọmọdé lè fi ìpínyà ṣe bí a bá sọ fún un? Ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù wà nínú ìwé kan tí Sigmund Freud tẹ̀ jáde ní ọdún 1920. Ó ń wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọkùnrin ọlọ́dún kan àbọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń yìn pé kì í ké bí ìyá rẹ̀ bá jáde. Ọmọ náà ní igi róbótó kan tí wọ́n so okùn mọ́. Yóò ju igi náà sínú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí wọ́n ta aṣọ bò, kí ó lè pòórá, yóò sì fi ohùn gígùn kan sọ ohun tí bàbá àgbà rẹ̀ gbọ́ sí "ó ti lọ." Lẹ́yìn náà yóò fa okùn náà, igi á jáde, inú ọmọ á dùn, á ní ó dé. Freud rí i pé ọmọ tí kò lè ṣe ohunkóhun sí lílọ ìyá rẹ̀ ti wá sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ń rán ni lọ. Ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí ti di ẹni tí ń ṣe é. Mo tún kíyè sí i pé eré lílọ ni ọmọ náà ń ṣe jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tilẹ̀ fa okùn náà padà. Ìyá ọmọ náà, tí í ṣe ọmọ Freud, kú ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1920 náà. Okùn kankan kò sí fún ìyẹn.

Freud fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́jú ọmọdé. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà dé yàrá ìṣeré, mo sì fẹ́ kí a pẹ́ lọ́dọ̀ méjì nínú wọn.

Melanie Klein ni àkọ́kọ́. Vienna ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1882, ó sì kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1926. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gba eré ọmọdé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí a lè gbọ́ yé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó ń tọ́jú ní àpótí tirẹ̀ tí ọmọ mìíràn kì í ṣí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó lọ gbé ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Pitlochry ní Scotland. Ibẹ̀ ni ó ti tọ́jú ọmọkùnrin ọlọ́dún 10 kan ní ọdún 1941, tí ó pè ní Richard. Ẹ̀rù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ba Richard débi pé kò lè lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Ìròyìn ogun ni ó gbà á lọ́kàn, ó sì ń ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun lóríṣiríṣi. Ìgbà 93 ni wọ́n pàdé láàárín oṣù mẹ́rin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti mọ̀ pé oṣù mẹ́rin náà ni, pé Klein yóò padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Klein kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé náà títí tí ó fi kú ní ọdún 1960, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1961.

Mo máa ń bá ìwé yìí jiyàn. Klein a máa yára sọ ìtumọ̀, bí olùkọ́ tí kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ parí gbólóhùn rẹ̀, àwọn ìtumọ̀ mìíràn sì wà tí n kò rò pé Richard gbà bí kò ṣe nítorí ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ìparí, n kò rí ìwé tí ó tó o. Ẹ rántí ohun tí Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ní ọdún 1941. Ibi tí bọ́ǹbù ń já sí ni obìnrin náà ń lọ. Ẹ̀rù tí ń ba Richard kì í ṣe ti àlá: olùtọ́jú rẹ̀ lè kú lóòótọ́. Klein kò sì lè sọ fún un pé kò ní í kú. Ohun tí ó ṣe ni pé kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀. Bí Richard bá ya ọkọ̀ tí ó rì, wọn a sọ̀rọ̀ nípa Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó bá bínú, obìnrin náà a fi yé e pé òun mọ̀ pé òun tí ń fi í sílẹ̀ ni ó ń bínú sí. Ó gbà kí ọmọ náà kórìíra òun ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣẹ́kù. Òbí tí ó bá ti gbìyànjú rẹ̀ rí yóò mọ̀ pé kò rọrùn. Ohun tí ó wu ọ̀pọ̀ wa ni pé kí ọmọ máa rẹ́rìn-ín sí wa bí a ti ń lọ. Ẹ̀rín yẹn, tiwa ni, kì í ṣe ti ọmọ.

Ẹnì kejì ni D. W. Winnicott, oníṣègùn ọmọdé tí ó tún di olùtọ́jú ọkàn. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1964, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò tí ì pé ọdún méjì àbọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ń pè é ní Piggle. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí àbúrò rẹ̀ ni àlá burúkú ti ń jí i lóru, tí ó sì ń sọ̀rọ̀ ìyá dúdú kan tí ń dẹ́rù bà á. Ilé wọn jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà wọn kò lè máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Winnicott ní kí wọ́n mú un wá nígbà tí ọmọ náà bá béèrè. Ìgbà 16 péré ni wọ́n pàdé títí di oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1966. Àwọn òbí ń kọ lẹ́tà, ọmọ ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá, àlàfo tí ó wà láàárín ìpàdé kan àti èkejì sì ń gùn sí i bí ọjọ́ ti ń lọ. Bí a bá fi ojú eré igi olókùn nì wò ó, okùn wà lọ́wọ́ ọmọ náà fún ọdún méjì àtààbọ̀. Ní ìpàdé tí ó kẹ́yìn, ó ti di ọmọ ọdún 5. Ojú ń tì í. Winnicott jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun mọ ohun tí ń bẹ lábẹ́ ìtìjú náà, pé ìfẹ́ sí òun ni. Ọmọ náà gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwàásù, kò sí ẹ̀bùn ńlá. Winnicott kú ní ọdún 1971. Ọdún 1977 ni wọ́n tẹ ìwé náà jáde.

Àwọn méjèèjì kò gba ọ̀nà kan náà. Ọjọ́ tí ogun àti iṣẹ́ dá ni Klein bá lọ, Winnicott sì jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ máa jìnnà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó mú ọmọ lọ wo adìẹ lẹ́yìnkùlé.

Ní ti bí iṣẹ́ náà ti ń lọ ní yàrá ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo rí nínú ìwé àti lẹ́nu àwọn tí ń ṣe é. A máa ń sọ ọjọ́ ìparí fún ọmọ ní kùtùkùtù, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn. Ọmọ kékeré kò mọ ohun tí "oṣù méjì" jẹ́, nítorí náà wọn a ya àpótí kéékèèké sórí bébà, ọmọ á máa kun ọ̀kan ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, á sì máa fi ojú ara rẹ̀ rí iye tí ó ṣẹ́kù. Bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́, àìsàn tí ó ti lọ a máa tún yọjú: ẹni tí kò tọ̀ sílé mọ́ á tún tọ̀, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ á tún dákẹ́. Ẹ̀rù á ba àwọn òbí, wọn á ní iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Olùtọ́jú tí kò mọ̀ á sún un, yóò sì ti kọ́ ọmọ náà pé bí ó bá ṣàìsàn, a kò ní í lọ. Ọ̀rọ̀ àwòrán tí ọmọ yà náà wà ńlẹ̀. Ta ni ó ni ín? Ọmọ ni kí ó yan èyí tí yóò mú lọ, èyí tí yóò fi sílẹ̀, àti èyí tí yóò fà ya. Mo ti gbọ́ olùtọ́jú tí ó ń rojọ́ pé ọmọ fa gbogbo rẹ̀ ya lójú òun. Ó dá mi lójú pé ọmọ náà mọ ohun tí ó ń ṣe.

Wàyí o, mo fẹ́ bọ́ sí oko tèmi, nítorí pé bí àwọn olùtọ́jú wa bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ní èdè Yorùbá, èdè náà yóò fún wọn ní ìṣòro kan. Kí ni wọn yóò sọ lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn? A ní "ó dàbọ̀." Ẹ tú u wò: ó di àbọ̀, ìgbà tí a bá padà dé. Ìlérí ni. "Ó dàárọ̀" náà, ìlérí ni. Bí a bá sì bọ́ sí òdìkejì, "ó dìgbéré" àti "ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá" ni a ní, òkú ni a sì ń sọ wọ́n fún. Láàárín ẹni tí ń padà bọ̀ àti ẹni tí ó kú, n kò mọ ìkíni kan tí a ní fún alààyè méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, tí iṣẹ́ wọn sì ti parí. Olùtọ́jú tí ó bá sọ pé "ó dàbọ̀" fún ọmọ tí kò ní í rí mọ́ ti purọ́ fún un ní gbólóhùn ìkẹyìn, ọmọ náà yóò sì máa wo ọ̀nà.

Bí ìkíni kò bá sí, àwọn ohun mìíràn wà. Ẹ wo àlọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀ pé bí apàlọ́ bá ti lu agogo ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti fi hàn pé òun kò purọ́, ìtàn ti parí. Kò sí ẹni tí ń dìde lọ nígbà tí ìjàpá ṣì wà lórí igi. Èyí tí ó jinlẹ̀ ju ìyẹn ni ẹkún ìyàwó, tí àwọn ará Ọ̀yọ́ kan ń pè ní rárà ìyàwó. Ọmọbìnrin tí ń lọ sílé ọkọ yóò yí ilé àwọn òbí àti ìbátan rẹ̀ ká kí ọjọ́ tó pé. Yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, yóò tọrọ àdúrà lọ́dọ̀ bàbá, yóò sọ ìbẹ̀rù rẹ̀ nípa ilé tí kò mọ̀, yóò sì sunkún ní gbangba. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ilé mọ ọjọ́. Ẹni tí ń lọ ni ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tí ń dúró. Kò sì sí ẹni tí ń sọ fún un pé kí ó má sunkún. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ lè sun ún, ojú a tì í. Àwọn bàbá wa tí ń fi adìẹ tan ọmọ ọwọ́ náà ni wọ́n fi àyè ẹkún sílẹ̀ fún ọmọ tí ó dàgbà. N kò mọ ìdí tí wọn kò fi rò pé ọmọ ọwọ́ náà nílò rẹ̀.

Fún àwọn ọ̀dọ́, àpẹẹrẹ tí ó bá a mu jù ni ìgbà tí ọmọṣẹ́ bá gba fírídọ́ọ̀mù. Ọdún tí yóò lò ti wà nínú àdéhùn láti ọjọ́ tí wọ́n mú un wá. Ní ọjọ́ náà, ọ̀gá yóò gbàdúrà lé e lórí níwájú ènìyàn, yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí, wọn yóò jẹun, wọn yóò ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì, ó ti di oníṣẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀. Ó lè padà wá kí i, ó lè padà wá béèrè ohun tí ó rú u lójú, ṣùgbọ́n kì í padà wá gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ọdún 16 tí ìtọ́jú rẹ̀ ń parí fẹ́ irú èyí: kí a bá a ro ọjọ́ náà pọ̀, kí ó sọ ohun tí ó ti kọ́, kí ẹnì kan sì jẹ́rìí sí i pé ó ti kọ́ ọ.

Àmọ́ ọ̀dọ́ kì í dúró bí ọmọṣẹ́ nígbà mìíràn. Bí ó bá ku ìpàdé mẹ́ta, kò ní í wá mọ́. Kì í ṣe àfojúdi. Ó ń fi olùtọ́jú sílẹ̀ kí olùtọ́jú tó fi òun sílẹ̀. Ohun tí àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọn kì í fún ẹlòmíràn ní wákàtí náà. Wọn a jókòó sínú yàrá títí wákàtí á fi pé, wọn a sì kọ lẹ́tà kúkúrú sí i pé mo dúró dè ọ́ lónìí, wákàtí rẹ ni, tìrẹ ni títí di ọjọ́ tí a jọ dá. Nígbà mìíràn ọmọ náà á wá ní ọjọ́ ìkẹyìn, á dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún náà kì í ṣe kékeré.

Ní ilẹ̀ wa lónìí, olùtọ́jú gan-an ni ó sábà ń kọ́kọ́ lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ìyanṣẹ́lódì ti ilé ìwòsàn pa, tàbí ìwé àṣẹ ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde, ó jápa. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí mo mọ iye owó tí wọ́n ń gbà. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹni tí ó ti mọ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà pé òun yóò lọ ní oṣù Okúdù, kí ó sọ fún ọmọ náà ní oṣù Ẹrẹ́nà. Kí ó má ṣe sọ pé ìpàdé lásán ni òun ń lọ. Kí ó sọ ìlú tí òun ń lọ, kí ó fi hàn án lórí máàpù, kí ó sọ orúkọ ẹni tí yóò gba ipò òun bí ẹnì kan bá wà, bí kò bá sì sí, kí ó sọ pé kò sí. Ọmọ náà yóò bínú. Kí ó dúró gba ìbínú náà fún oṣù mẹ́ta. Ìyẹn náà wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ Richard kí n tó jókòó. Ní ọdún 1986, Phyllis Grosskurth tẹ ìwé kan jáde nípa ìgbésí ayé Melanie Klein. Ó ti wá ọmọ ọdún 10 ti Pitlochry yẹn kàn, tí ó ti di ẹni ọdún àádọ́ta ó lé. Ó sì kọ ohun tí ó rí nígbà tí ọkùnrin náà wo fọ́tò Klein tí ó wà lára ìwé. Ó gbé e sókè, ó fi ẹnu kò ó, ó sì pe orúkọ obìnrin náà jẹ́jẹ́.